Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Lẹ́nu Ọ̀nà Mùnímẹ́ǹtì

Bí ẹ bá bi ọ̀rẹ́ mi Ràṣídì pé iṣẹ́ wo ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, á ní télọ̀ lòun, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Bí ẹ bá bi àbúrò mi, á ní ọkọ̀ ojú irin lòun wà láti Ìdó, gbogbo yín á sì mi orí. Bó bá wá kan èmi, ẹ ní láti wá ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló wà nídìí iṣẹ́ mi tó jẹ́ pé àwọn tó kàwé gan-an lè má pàdé ẹ̀ rí láyé wọn, èmi sì ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá láràárọ̀ títí irun mi fi funfun. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára pákó dúdú kan lókè ilẹ̀kùn: MUNIMENT ROOM. Mùnímẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ọmọ ọmọ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ló ní kí n kọ ìtàn yìí, torí ó ń ṣàròyé pé òun ò mọ iṣẹ́ tóun máa yàn. Mo ní kò burú. Bó bá rí bí èèyàn ṣe lè fi gbogbo ayé ṣe iṣẹ́ tí àna ẹ̀ ò mọ bó ṣe máa júwe ẹ̀, kéèyàn sì tún jẹun yó, bóyá ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Múṣin ni wọ́n bí mi sí, nílé àwọn Mùsùlùmí tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Bí mo ṣe wá dé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó lè kàwé, tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́, tí kò sì ní í máa kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Mo yege nínú méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì fojú fo ìkẹta. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ ẹ̀ ni Pa Fádípẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń de táì nínú ooru, ó sì máa ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì ojú ẹ̀ bí ẹni pé ẹni náà ló da tàdáwà sí i láṣọ. Yàrá iṣẹ́ wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní fèrèsé kan ṣoṣo tí wọ́n fi irin há. Ibẹ̀ ni ìwé ìrìbọmi wà, àti ìwé ìgbéyàwó, àti ìwé ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ti itẹ́ òkú, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ ti yà látìgbà tí àwọn baba ńlá wa ṣì ń fẹsẹ̀ rìn láti Ótò wá sí Yábàá.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bi í pé, “Ọ̀gá, kí ni mùnímẹ́ǹtì?”

Ó ní, “Kọ́kọ́ gbálẹ̀.”

Mo gbálẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tún bi í. Ó wo ilẹ̀, ó ní èyí tí mo gbá lánàá kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbálẹ̀ tí mo sì ń béèrè, mo sì rò pé bóyá ọkùnrin yìí fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Ó tó oṣù mélòó kan kó tó dáhùn. Ó mú mi jáde síta, ó dúró ti ògiri tó yí ọgbà ká, ó fi ọwọ́ gbá a. Ó ní, “Nígbà tí ogun ń jà, kí làwọn baba wa ń mọ yí ìlú ká?” Mo ní odi ni. Ó ní, “Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń pe kéèyàn mọ odi ni wọ́n ti fa mùnímẹ́ǹtì yọ. Ìwé tó bá yí ẹ ká bí odi, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè gba ohun tí í ṣe tìẹ, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Ṣé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ákáífù ni, sà?”

Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀. “Ákáífù máa ń tọ́jú gbogbo ohun tí àná fi sílẹ̀,” ó ní, “títí kan ìwé tí wọ́n fi pe ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò wá. Èyí tí ọ̀la máa fi rojọ́ nìkan la ń tọ́jú níbí.” Ó tún kìlọ̀ fún mi pé wọn kì í sábà pe ẹyọ kan ní mùnímẹ́ǹtì. Àpapọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ò ṣe ní í sọ pé òun ní irun kan lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rán mi padà sídìí ìgbálẹ̀.

Òfin Pa Fádípẹ̀ pọ̀. Kéèyàn fọ ọwọ́, kó sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́ẹ̀dì nìkan ni kó fi kọ̀wé nínú yàrá, kò gbọdọ̀ fi bírò. Ẹni tó bá fi itọ́ ra ìka kó tó ṣí ìwé, ọjọ́ yẹn ló máa wo ìwé mọ. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́ ni òfin bàtà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ìwé, á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì sẹ́nu ọ̀nà. Èmi á gbà á, màá gbé e sórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn mi. Bí ìwé bá padà sọ́wọ́ mi, bàtà padà sẹ́sẹ̀ onítọ̀hún. Ọ̀gá ní kò sí bí èèyàn ṣe lè wọ bàtà kan ṣoṣo gbé ìwé sá lọ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta láìjẹ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ òsì. Ó ní kí ẹlòmíì má baà bọ́ ọ̀tún ni.

Mo ti rí ẹsẹ̀ àwọn ẹni ńlá. Mo rí lọ́yà kan tí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ ti lu níbi àtàǹpàkò, ó sì fi ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń ka ìwé ilẹ̀. Mo rí ìyàwó tuntun tó fẹ́ wo orúkọ ìyá ẹ̀ nínú ìwé ìgbéyàwó, bàtà ẹ̀ ga débi pé nígbà tó bọ́ ọ̀kan, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń já sí kòtò. Lọ́yà oníbọ̀sẹ̀ yẹn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ó ní bóun bá ti dìde ní kóòtù tóun sọ pé oníbàárà òun ní mùnímẹ́ǹtì, lọ́yà kejì á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, kóun lè lọ wá ìtumọ̀ ẹ̀.

Àdúgbò náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa nìkan. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì di Ìyá Mùnímẹ́ǹtì. Ẹni tó fẹ́ júwe ilé ẹ̀ á ní, “Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Mùnímẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ wá yà sọ́wọ́ òsì.” Wọ́n ń lò ó dáadáa, kò sì dí wọn lọ́wọ́ pé wọn ò mọ ohun tó wà nínú yàrá náà.

Ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà dí lọ́wọ́ ni Alhaji Kásúmù. Bàbá Sìdíkátù ni, Sìdíkátù sì ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Alhaji ń ta páàtì ẹ́ńjíìnì ní ọjà Ládìpọ̀. Ọkùnrin tí ń pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́ ni. Nígbà tí mo lọ fara hàn án, ó ní kí n jókòó, ó sì wò mí bó ṣe máa ń wo ẹ́ńjíìnì tokunbọ̀.

“Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?”

“Mò ń ṣiṣẹ́ ní mùnímẹ́ǹtì, sà.”

“Ibo nìyẹn?”

“Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, sà.”

“Ìwọ Tàjùdéénì. Pásítọ̀ ni ẹ́?”

“Rárá o, sà. Ìwé ni mò ń tọ́jú.”

“Ṣé ò ń tà á ni?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé ò ń tẹ̀ ẹ́ ni?”

“Rárá, sà.”

“Kí wá lò ń ṣe fún un?”

Mo rántí Pa Fádípẹ̀ àti ògiri ẹ̀. Mo ní, “Ó dà bí odi, sà. Odi tí wọ́n ń mọ yí ìlú ká.”

Alhaji yíjú sí ìyàwó ẹ̀. Ó ní, “Bíríkìlà ni.”

Wọ́n fún mi lọ́mọ, torí Sìdíkátù ti kọ oúnjẹ nílé. Ṣùgbọ́n Alhaji sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an pé àlàyé iṣẹ́ mi kò tíì wọ òun létí, òun ń retí ẹ̀. Ó retí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ìgbà tí mọ̀lẹ́bí bá péjọ nílé ẹ̀ ní Múṣin, yálà níbi ìsọmọlórúkọ tàbí lọ́jọ́ Iléyá, á to àwa ọkọ ọmọ ẹ̀ jọ, á máa fi wá han àlejò. “Èyí, dókítà eyín ni. Èyí, ó ń kọ́lé, òun ló kọ́ èyí tẹ́ ẹ rí ní ìkóríta yẹn.” Bó bá wá kàn mí, á wo òkè, á ní, “Èyí, ó ń bá àwọn kan ṣọ́ ilé.”

Àwọn àlejò á kí mi dáadáa. Àwọn míì á tilẹ̀ bá mi sọ ọ́ níkọ̀kọ̀ pé àwọn ń wá ọlọ́dẹ.

Ó dùn mí. Mi ò ní í parọ́ fún yín. Alhaji kò kórìíra mi, ó máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí wa, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ wa. Ohun tí mo fẹ́ kò sì pọ̀: kó fẹnu ara ẹ̀ sọ iṣẹ́ mi níwájú èèyàn, lẹ́ẹ̀kan péré, bó ṣe rí gan-an. Sìdíkátù máa ń ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn. Màá ní mo ti gbé e kúrò, kò sì kúrò níbì kankan.

Iṣẹ́ ń lọ ní tiẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, sítáàṣì gbágùúdá la fi ń se gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ ìwé, Pa Fádípẹ̀ a sì máa tọ́ ọ wò kó tó gbà á. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù náà ju bí a ṣe fẹ́ràn ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù inú ike dé, tí aáyán ò fẹ́, ṣùgbọ́n tó ń sọ ìwé di líle bíi páálí. A padà sí sítáàṣì. Nígbà tí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì dé, ọ̀gá kò jẹ́ kó wọ inú yàrá, ó ní iná tó ń kọ lábẹ́ ẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀ ìwé. Ó gbé e sí kọ́rídọ̀, níbi tí àwọn akọrin ti ń fi ṣe ẹ̀dà orin. Kò pẹ́ sígbà náà tí òun fúnra ẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ó mọ́ díẹ̀.” Mi ò gba ìyìn tó tó ìyẹn rí lẹ́nu ẹ̀, mo sì sọkún nígbà tó lọ tán.

Bí mo ṣe di ọ̀gá ni ìjì jà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni. Páànù orí yàrá wa ṣí, ó fò lọ balẹ̀ sí pápá ilé ẹ̀kọ́, òjò sì rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí mo fi máa dé láti Múṣin, omi ń kán látorí ìwé ìrìbọmi sórí ìwé ìgbéyàwó, ó ń kán látorí ìgbéyàwó sórí ìwé itẹ́ òkú, bí ayé ṣe máa ń tò ó gan-an. Mo dúró sáàárín yàrá. Ìwé tó bá rin, bí kò bá tètè rí atẹ́gùn, á hu, á lẹ̀ mọ́ra, kò sì sẹ́ni tó máa lè ṣí i mọ́. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà ń jò, iná ò sì sí ní gbogbo àdúgbò.

Ibì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó gbẹ, tó fẹ̀, tó sì ní jẹnẹrétọ̀ àti fáànù ńlá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹsẹ̀ mi ni kò fẹ́ débẹ̀.

Alhaji wà nílé, ó ń jẹ ọsàn. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìwé wa ti rin. Ibi tí màá tẹ́ wọn sí ni mò ń wá.”

“Ṣebí ẹ lè sá wọn sóòrùn lọ́la.”

“Oòrùn á gbẹ wọ́n jù, sà, wọ́n á ká kò. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. A gbọ́dọ̀ máa yí wọn padà pẹ̀lú.”

Ó gbé ọsàn sílẹ̀. “Ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní aláìsàn nílé.”

“Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, sà.”

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa Alhaji nìyí: kì í wo ohun tó dẹnu kọlẹ̀ kó kọjá lọ. Ó dìde, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lórí fóònù, ó sì wa pikọ́ọ̀pù ẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ sí Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ta okùn láti ògiri dé ògiri nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ní ní Ládìpọ̀. A tẹ́ àwọn ìwé tó nípọn sórí pẹpẹ tí wọ́n kó ṣọ́kù kúrò lórí ẹ̀, a sì fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ gbé àwọn àjákù kọ́ sórí okùn. Orúkọ àwọn ọkọ àti ìyàwó tó ti lọ sọ́run ń mì jẹ́jẹ́ láàárín bẹ́líìtì ẹ́ńjíìnì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì kan dé, ó fẹ́ ra gáskẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n sọ ibí di mọ́sálásí ni?”

“Bó bá jẹ́ mọ́sálásí, méjèèjì lo máa bọ́. Ẹyọ kan là ń gbà níbí.”

Alhaji gbọ́ ọ láti inú. Ó jáde wá. “Tàjù. Ṣọ́ọ̀bù mi nìyí o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji,” mo ní. “Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́. Ti òsì.”

Gbogbo òṣìṣẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Sìdíkátù tó gbé oúnjẹ wá fún wa fi gèlè bo ẹnu. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà náà. Bóyá torí pé ohùn tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe tèmi ni, ti Pa Fádípẹ̀ ni. Alhaji wo okùn, ó wò mí, ó wo ilà ṣọ́ọ̀kì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà tajà títí ìwé wa fi gbẹ. Ọjà sì ń tà lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, torí àwọn èèyàn ń wá wò ó. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn dé ìsàlẹ̀ ọjà pé Alhaji Kásúmù ti rí àṣírí kan. Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí i náà bẹ̀rẹ̀ sí gba bàtà òsì lọ́wọ́ oníbàárà tiwọn. Wọn ò mọ ìdí ẹ̀, wọ́n kàn rí i pé ọjà ẹnìkejì ń tà. Wọn ò sì to bàtà bó ṣe yẹ, ló bá di pé àwọn mẹkáníìkì ń wọ bàtà ara wọn lọ sílé, tí wọ́n sì ń wá ara wọn kiri ní Múṣin àti Oṣòdì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yẹn ni Alhaji bá mi nídìí okùn. Agolo mílíìkì kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fa ọ̀rá kan yọ nínú ẹ̀, ó sì fa ìwé kan yọ nínú ọ̀rá náà, ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin, tí gíríìsì ti mu, tó ti ń ya níbi tí wọ́n ká a sí.

Ó ní, “Gbé èyí kọ́ mọ́ ọn.”

“Kí ni, sà?”

“Ìwé tí wọ́n fi fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dìde níbi tí mo jókòó sí, òun ni màá nà sí i.”

Pẹ́ẹ̀gì jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Alhaji, ẹ ti sọ ọ́.”

“Mo sọ kí ni?”

“Mùnímẹ́ǹtì. Òun lẹ ń júwe yẹn.”

Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo ohun tó rọ̀ sórí okùn, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. “Ṣé gbogbo èyí, ìjókòó àwọn èèyàn ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó fẹ́ fi hàn pé òun lọmọ ẹni báyìí, ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ní ìyá ẹ̀ kì í ṣe ìyàwó ilé.”

“Ìwé ìjókòó,” ó ní.

“Ó ṣe é pè bẹ́ẹ̀, sà.”

“Kí ló wá dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́? Odi, odi. Ta ló ń gbé inú odi ní Múṣin?”

Mo tún ìwé ẹ̀ ṣe, mo fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sítáàṣì lẹ àwọn ibi tó ya. Nígbà tí mo fẹ́ dá a padà, ó ní kí n gbé e sí yàrá wa pẹ̀lú àwọn tó kù, agolo mílíìkì kò yẹ ẹ́ mọ́. Inú mi dùn. Mo ń ka ọjọ́ Iléyá. Nígbà tó dé, tí Alhaji to wá jọ, dókítà eyín kọjá, ẹni tó ń kọ́lé kọjá, mo tún fìlà mi ṣe. Alhaji dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, “Èyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.”

Ó sàn ju ọlọ́dẹ lọ. Mo jẹ ẹran mi.

Ọdún ń gorí ọdún. Kọ̀ǹpútà dé, síkánà dé, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tósìn sì dé láti wá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn mi. Ó mọṣẹ́, ó sì máa ń pè mí ní Dádì. Ó ní gbogbo ìwé la máa gbé sínú kọ̀ǹpútà, pé kí ni a tún fẹ́ fi bàtà ṣe nígbà tí èèyàn lè fi fóònù ya àwòrán ìwé kó sì máa lọ. “Dádì, ẹ jẹ́ ká máa gba fóònù wọn dípò bàtà.” Mo ní ká dán an wò. Ẹni tó ti fi bàtà sílẹ̀ rí máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó fi fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ń ṣe bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ká tó jẹun ọ̀sán, pẹpẹ ti ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyá ẹnì kan sì ń pariwo nínú ọ̀kan pé kí ló dé tí wọn ò gbé ìpè òun. Tósìn fúnra ẹ̀ ló ní ká padà sí bàtà.

Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní kọmití ọjà dé ìlà ṣọ́ọ̀bù Alhaji, wọ́n ní àwọn fẹ́ pín in fún ẹlòmíì. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó mú un wá. Alhaji ti darúgbó nígbà náà, ó ń fi ọ̀pá rìn, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń tajà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó rán ẹnì kan sí mi. Ó kọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló wá sí Ẹ̀bútè Mẹ́tta, Sìdíkátù ló sì di ọwọ́ ẹ̀ mú.

“Mo wá gba ìwé ìjókòó mi.”

Mo ti gbé e jáde kó tó sọ ọ́ tán. “Tiyín ni, Alhaji. Ẹ kàn máa mú un lọ.”

Kò gbà á. Ó ń fi ọwọ́ wá nǹkan nísàlẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ ṣubú. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, bàtà aláwọ dúdú kan tó ń dán, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ìwé ń jáde, bàtà ń wọlé,” ó ní. “Àbí òfin yín kì í mú àna ni?”

“Alhaji, ẹni tó bá jókòó kàwé síbí ni òfin wà fún. Ẹ̀yin ẹ ń lọ sọ́jà. Ẹsẹ̀ yín…”

“Ẹsẹ̀ mi ni.” Ó gba ìwé náà, ó yí padà, ó ń lọ. Láti ọdún tí wọ́n ti ṣòfin yẹn, òun nìkan ló tíì wọ bàtà kan ṣoṣo jáde ní géètì wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu Sìdíkátù ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní wọ́n fẹ́ fi mọ́tò gbé bàbá òun dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù gan-an, ó kọ̀, ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ níbi tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ lásán tẹ ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe rí i, ó ní, “Alhaji, bàtà yín kan dà?”

Alhaji dúró, ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀. Ó ní, “Ó wà lọ́wọ́ Tàjùdéénì, ọkọ ọmọ mi. Ní mùnímẹ́ǹtì ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú ìwé ìjókòó àwọn èèyàn, kẹ́nikẹ́ni má baà lé wọn dìde. Ẹni tó bá gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, á fi bàtà dúró. Ẹ ò rí èmi tí mo jẹ́ àna ẹ̀.”

Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta táyà. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta gíláàsì. Sìdíkátù ní ọ̀nà tó jìn jù ló gbà, àti pé bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò béèrè, á dúró, á wúkọ́, á na ẹsẹ̀ òsì síwájú títí onítọ̀hún á fi wò ó. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ kọmití, gbogbo ọjà ló ti mọ iṣẹ́ mi. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní kí bàbá jókòó.

Mo ní kí Sìdíkátù tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹni tó ń ta táyà.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ò ń yan iṣẹ́, mi ò mọ èyí tí màá ní kó o mú. Bó bá jẹ́ èyí tí kò lórúkọ lẹ́nu èèyàn lo fẹ́ràn, mú un. Kò burú bí àlàyé ẹ̀ bá pẹ́ kó tó yé wọn, bí ìwọ bá ṣáà ń gbálẹ̀ ẹ̀.

Alhaji kò dá ìwé náà padà títí Ọlọ́run fi pè é. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù lókè àga ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, Tósìn bá mi kó ẹrù mi jọ. Ó gbé bàtà dúdú náà sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ, ó nù ún, ó ní, “Dádì, ṣé kí n kó èyí mọ́ ẹrù yín?”

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì dá a padà sáyè ẹ̀. Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Ìwé ẹ̀ ṣì wà níta.”